Ẹ̀kọ Tí Kò Gba Búlù

Kíkẹ́lọmọ Abọ́lá kì í wọlé jẹ́ẹ́. Bó bá ń bọ̀ láti Ìyànà-Ìbà láàárọ̀, ọlọ́kadà tó gbé e á ti máa rẹ́rìn-ín kó tó já a sílẹ̀, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì á ti máa pe orúkọ rẹ̀, àwọn ọmọ SS1 tó ń yọjú lójú fèrèsé á sì ti máa sọ fún ara wọn pé Anti Kíkẹ́ ti dé. Kò ga, kò sanra, ṣùgbọ́n ibi tó bá wọ̀ máa ń kún.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí ìjà ẹ̀. Ará Ìlaròó ni bàbá náà, táyà ló ń lẹ̀ létí títì Ìbà. Ọmọ kékeré ni Kíkẹ́ nígbà tó fi ṣọ́ọ̀kì ya ojú àti eyín sára gbogbo táyà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, títí kan ti oníbàárà. Wọ́n nà án, ó sunkún, ó sùn. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan padà wá, ó ní wọ́n ti nu ẹ̀rín ẹnu táyà òun kúrò, pé àwọn ọmọ òun ò jẹ́ kí òun gbádùn, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tún un yà. Láti ìgbà náà ni Kíkẹ́ ti gbà pé kò sí ohun tí ẹ̀rín ò lè gbé dé ọ̀nà tó jìn. Ó kàwé tán ní yunifásítì, ó gba iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé Màmá Adéyínká ní Òkokomáíkò, ó sì ń fi ẹ̀rín kọ́ àwọn ọmọ ní báyọ́lọ́jì.

Ẹ̀rín yìí náà ló wá fẹ́ gba kíláàsì lọ́wọ́ rẹ̀. Òbí kan lọ bá Màmá, ó ní nígbàkígbà tí òun bá gba ẹ̀yìn kíláàsì yẹn kọjá, ẹ̀rín ni òun ń gbọ́, ṣé ẹ̀rín ni òun rán ọmọ òun wá kọ́ ni.

Màmá Adéyínká ló ni ilé ìwé náà. Wọn kì í pariwo. Bí inú bá ń bí wọn, ńṣe ni ohùn wọn máa ń rẹlẹ̀ sí i, débi pé ẹni tí wọ́n ń bá wí ní láti sún mọ́ wọn kó tó lè gbọ́ ìbáwí rẹ̀. Wọ́n pe Kíkẹ́ sí ọ́fíìsì.

"Kíkẹ́lọmọ."

"Mà."

"Ẹ̀rín kọ́ ni wọ́n ń kọ sínú ìwé ìdánwò."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà. Àmọ́ wọn ò ní ká má rẹ́rìn-ín ká tó wọ ibẹ̀ mà."

Màmá wò ó látòkè délẹ̀. Wọ́n ní tó bá di Ọjọ́rú, àwọn máa wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì náà. Iṣẹ́ tó kàn ni ìdí tí sẹ́ẹ̀lì fi kéré, àti bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń yan iṣẹ́. Bó bá parí, àwọn á na ìka sí ọmọ tó bá wu àwọn, àwọn á bi í léèrè. Tí ọmọ náà bá mọ̀ ọ́n, kí Kíkẹ́ máa bá kíláàsì rẹ̀ lọ. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, Fọlárìn Àkànbí tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò ló máa gba báyọ́lọ́jì náà kún un, Kíkẹ́ á sì padà sí jẹ́lé-ó-sinmi níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tó ti ń nu imú ọmọ tó sì ń kọ orin labalábá.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kó jìnnìjìnnì bá jù ni Fọlárìn. Òun àti Kíkẹ́ jọ kàwé ni, wọn ò sì ní ìtìjú lójú ara wọn. Ọkùnrin náà gún régé bí rúlà. Kíkẹ́ máa ń sọ pé èèyàn lè fi línì ara ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ gé búrẹ́dì.

"Kíkẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́," ó ní, "má jẹ́ kí wọ́n gbé nǹkan yẹn fún mi. Mi ò mọ èyí tó ń jẹ́ kíndìnrín yàtọ̀ sí èyí tó ń jẹ́ ẹ̀dọ̀."

"Èyí tó o máa ń bẹ ìyá olóúnjẹ pé kó fi kún un, ẹ̀dọ̀ nìyẹn. Fọkàn balẹ̀. Mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe."

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni sobo, omi ìṣápá pupa tí wọ́n ń mu. Bí èèyàn bá gé ẹ̀kọ tútù sí igun mẹ́rin mẹ́rin, òmíràn ńlá, òmíràn kékeré, tó rì wọ́n sínú sobo, àwọ̀ náà á wọ kékeré já, ṣùgbọ́n àárín ńlá á ṣì funfun. Àwọn ọmọ á fojú ara wọn rí i pé ohun tó bá ti tóbi jù, oúnjẹ kì í tètè dé inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọ aláṣọ funfun ni Màmá ń lọ, ohun pupa kì í sì í wọ ọgbà wọn. Kódà báírò aláwọ̀ ewé ni àwọn olùkọ́ fi ń máàkì.

Kíkẹ́ ò dààmú. Ọmọ aláṣọ funfun lòun náà. Ní gbogbo Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìyá rẹ̀ máa ń po búlù ìfọṣọ sínú báfù, tí á fi ṣan sùtánà gbogbo ilé kí wọ́n lè funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, tí o bá ní kí wọ́n mú ohun tó ń yí àwọ̀ omi padà wá, búlù ni ọwọ́ ọmọdé àti àgbà máa lọ bá.

"Dán an wò nílé ná," Fọlárìn sọ fún un.

"Búlù tó ń wọ aṣọ, ṣé ẹ̀kọ ni kò ní wọ̀? Ìwọ, ṣé o máa ń dán ìṣirò wò kó o tó kọ ọ́ sójú pátákó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ìdí tí ayé ẹ fi gbẹ nìyẹn."

Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ ní Ọjọ́rú náà, ó ti wà níwájú Àdìjá tó ń ta ẹ̀kọ ní Ìyànà-Ìbà. "Èyí tó gan ni kó o fún mi, Àdìjá. Èyí tí èèyàn lè sọ lu olè."

"Anti, ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni, àbí ẹ fẹ́ fi mọ odi?"

"Mo fẹ́ fi gba iṣẹ́ mi padà ni."

Àdìjá rò pé àwàdà ló ń ṣe, ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọ̀kan ṣe èènì.

Kíkẹ́ gé ẹ̀kọ náà ní yàrá àwọn olùkọ́, ó rì wọ́n sínú abọ́ omi búlù, ó fi tíréè dé e mọ́lẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, Màmá ti jókòó sẹ́yìn, wọ́n gbé báàgì lé orí ẹsẹ̀, wọ́n ń fi páálí fẹ́ ara. Kíkẹ́ gbé abọ́ wọlé bí ẹni tó fẹ́ pidán. Ó ṣí i.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ rí?"

"Ẹ̀kọ tí wọ́n nà, Anti," ni Joseph Morádéyọ̀ dáhùn. Joseph ni ọmọ tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹni tó máa ń ní ìdáhùn sí ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi í, tí ọ̀rọ̀ sì máa ń tán lẹ́nu rẹ̀ bí wọ́n bá bi í ní tààrà.

Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Páálí Màmá dúró díẹ̀, ó tún ń lọ.

Kíkẹ́ mú ọ̀bẹ. Ó kọ́kọ́ ṣàlàyé pé kí wọ́n ka ẹ̀kọ ńlá sí sẹ́ẹ̀lì ńlá, kékeré sí sẹ́ẹ̀lì kékeré, búlù sì ni oúnjẹ. Ó la ńlá sí méjì. Inú rẹ̀ funfun. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ṣé wọ́n rí i. Ó la kékeré. Inú rẹ̀ náà funfun. Ó la èyí tó kéré jù, tí kò ju kóró ẹ̀wà lọ. Búlù wà lára rẹ̀ bí àtíkè, inú rẹ̀ funfun báláú.

Lójú fèrèsé, Fọlárìn, tí kò ní iṣẹ́ lásìkò náà, di irin fèrèsé mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé lọ.

Kíkẹ́ rí jẹ́lé-ó-sinmi lójú ẹ̀mí, ó rí imú tó ń dúró de ìnujú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ọjọ́ kan tí ẹ̀tàn rọrùn fún un ju ọ̀rọ̀ gidi lọ níwájú àwọn ọmọ yìí, nítorí wọ́n mọ̀ ọ́n jù. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ó kọ̀," ó ní. "Mo rò pé á wọlé, kò wọlé. Ta ló lè sọ ìdí ẹ̀ fún mi?"

Rùkáyàt tó jókòó níwájú ti na ọrùn wo ìsàlẹ̀ abọ́. "Anti, ó ti sùn sílẹ̀. Tí màmá mi bá ń fọ hìjáàbù funfun, wọ́n máa ń ní kí n máa rò ó, torí búlù kì í yọ́. Ó kàn ń lúwẹ̀ẹ́ ni."

"Ẹ sún mọ́bí, ẹ wá wò ó." Wọ́n dà sí ìdí abọ́. Lóòótọ́, ẹ̀tù búlù ti tò sílẹ̀ bí eruku. "Rùkáyàt ti gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀sín. Iyọ̀ máa ń yọ́, ṣúgà máa ń yọ́, búlù yìí ò yọ́, wóró ni, ojú ihò ara ẹ̀kọ ò sì gbà á. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí bí awọ sẹ́ẹ̀lì ṣe rí náà nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá kanlẹ̀kùn ló ń jẹ́ kó wọlé. Ohun tó yọ́ tó sì kéré lè rí ọ̀nà gbà. Ohun tó tóbi, àfi kí sẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀, Kíkẹ́ sì mọ̀, Màmá náà mọ̀. Kí ló dé tí sẹ́ẹ̀lì fi kéré? Ẹ̀kọ ò lè sọ ọ́ mọ́.

Nígbà náà ni Dámilárá, tó jókòó sáàárín bẹ́ǹṣì, ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Kó tó lè jáde, ẹni tó wà lọ́tùn-ún dìde, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà dìde, ìwé já bọ́, wọ́n bú u, ó bú wọn padà. Kíkẹ́ dúró, ó ń wò wọ́n. Ojú rẹ̀ sì yí padà sí ojú tí àwọn ọmọ mọ̀, ojú ẹni tó ti rí ìwà ìbàjẹ́ kan tó fẹ́ hù.

"Ẹ ti bẹ́ǹṣì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Gbogbo yín, ẹ dúró sáàárín, ẹ fún pọ̀."

Wọ́n fún pọ̀ títí wọ́n fi dà bí ẹrù orí lọ́rì. Ó wo ojú fèrèsé.

"Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn, sà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ dì mọ́ ọwọ́ yẹn?"

"Gúgúrú mi."

"Gúgúrú kíláàsì ni, sà. Ẹ gbé e wá."

Ó gbé e wá bí ẹni tó ń sin òkú. Kíkẹ́ pàṣẹ. Ẹ̀yin lápapọ̀, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni yín. Ìta nìkan ni oúnjẹ ti ń wá. Ẹni tó wà létí ló máa gbà á, á jẹ ọ̀kan, á ta ẹni ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tó máa kúrò lójú kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí wọn ká, ó ń pín gúgúrú bí ẹni tó ń fún adìyẹ lóúnjẹ. Àwọn tó wà létí ń jẹ. Láti àárín, ohùn ń jáde.

"Anti, kò dé ọ̀dọ̀ wa."

"Anti, Kọ́lá ń jẹ méjì kó tó ta wá lọ́kan."

"Anti, ooru. Ẹnì kan sì ti so síbí."

"Ẹ gbọ́?" Kíkẹ́ ní. "Oúnjẹ ò wọlé, ìdọ̀tí ò jáde. Àárín ti ń kú lọ, etí ò mọ̀. Bí sẹ́ẹ̀lì bá ń tóbi, ó ń fi kún awọ lóòótọ́, àmọ́ ó ń fi kún inú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Fọlárìn, ẹ bá wa ṣe é, kí gúgúrú má dùn yín lásán."

Fọlárìn ò lè pa á mọ́ra, ìṣirò ni. "Bí ẹ bá sọ gígùn, ìbú àti gíga di ìlọ́po méjì, awọ á di ìlọ́po mẹ́rin. Inú á di ìlọ́po mẹ́jọ."

"Inú ń sáré, awọ ń rọ́ tẹ̀lé e. Kí ni ká ṣe?"

"Ká pín," ni àwọn tó wà láàárín fi ohùn kan sọ, ebi ló kọ́ wọn.

Ó pín wọn ní mẹ́rin mẹ́rin káàkiri yàrá náà. Ó tún pín gúgúrú. Kò sẹ́ni tí kò bá a níbi tó dúró, nítorí kò sẹ́ni tí kò sí létí mọ́.

"Ó dáa. Ẹ mú ìwé orin ilé ìwé jáde." Gbogbo ọmọ ló ní in, torí wọ́n fi ń kọrin láàárọ̀. "Ìwé kan náà ni gbogbo yín dì mú, àbí? Sẹ́ẹ̀lì náà nìyẹn. Ọ̀kan ṣoṣo ni kálukú wa nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lóyún wa. Ó pín, ó tún pín, gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ pín, á da ìwé inú ẹ̀ kọ kó lè fún ọmọ ẹ̀ lẹ́dà kan. Sẹ́ẹ̀lì ojú ẹ àti ti ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ, ìwé kan náà ni."

"Kí ló dé tí ẹsẹ̀ mi ò wá ríran, Anti?" Joseph tún ni.

"Torí ojú ìwé tó ṣí yàtọ̀. Ìwé náà pé, àmọ́ kò sí sẹ́ẹ̀lì tó ń ka gbogbo ẹ̀."

Dámilárá ti padà dé, ó béèrè ẹni tó ń sọ ojú ìwé tí wọ́n máa ṣí fún wọn. Kíkẹ́ ní ibi tí sẹ́ẹ̀lì bá wà ni, àti ọ̀rọ̀ tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ bá ń ránṣẹ́ sí i. Ó lọ sọ nọ́ńbà orin kan sétí àwọn tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sọ òmíràn sétí àwọn tó wà lójú fèrèsé, ó ní kí wọ́n máa sọ ọ́ fún ẹni tó bá wà nítòsí wọn, kí kálukú máa kọ orin rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ó ń ké lórí ariwo náà pé iṣẹ́ ló ń sọ bí ara á ṣe rí. Sẹ́ẹ̀lì iṣan tó ń gbé ìròyìn kiri tín-ín-rín bíi wáyà. Ó lè gùn láti ìdí ẹ̀yìn dé àtẹ́lẹsẹ̀, àmọ́ kò sanra, kí inú ẹ̀ má baà jìnnà sí awọ. Èyí tó ń gbé atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀ dà bí àkàrà tí wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ̀ láàárín lójú méjèèjì. Tó bá dàgbà, á ju ìwé ẹ̀ nù pátápátá kí àyè lè gba ẹrù.

Orin méjì ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ń gba ẹ̀yìn kíláàsì kọjá á rò pé ìsọjí ti bẹ́ sílẹ̀. Màmá dìde. Orin kú lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọlárìn rántí pé iṣẹ́ òun kàn níbòmíràn, ó sá.

Màmá rìn wá síwájú, wọ́n wo gbogbo ojú tó wà níbẹ̀, wọ́n sì na ìka.

"Joseph Morádéyọ̀."

Nínú gbogbo ọmọ tí Ọlọ́run dá. Kíkẹ́ gbá ọwọ́ méjèèjì mú lẹ́yìn.

"Kí ló dé," Màmá bi í, ohùn wọn rẹlẹ̀, "tí sẹ́ẹ̀lì kan ò kàn lè máa tóbi lọ títí á fi di èèyàn? Kí ló ń pín sí?"

Joseph họ orí. "Mà, ṣé ẹ ti dé Alábà Rágò rí?"

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Kíkẹ́ di ojú.

"Mo ti débẹ̀."

"Bàbá mi ń ta oúnjẹ àgbò níbẹ̀, mà. Tí wọ́n bá kó àgbò púpọ̀ sínú ọgbà kan, etí ọgbà ni ọpọ́n oúnjẹ máa ń wà. Àwọn tó wà létí á jẹ, wọ́n á yó, wọn ò ní kúrò níbẹ̀. Àwọn àárín á kàn máa gbóòórùn ẹ̀. Ìgbẹ́ wọn náà á wà lábẹ́ wọn. Tẹ́ ẹ bá wá fẹ ọgbà yẹn sí i, àárín ló máa pọ̀ jù, etí ò ní tó wọn. Ẹni tó bá gbọ́n á pín in sí kéékèèké, kí gbogbo wọn lè kan ọpọ́n. Sẹ́ẹ̀lì náà ò fẹ́ kí àárín òun kú ni, mà."

"Màlúù ńkọ́?" Màmá bi í. "Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tóbi ju ti àgbò lọ?"

"Rárá mà. Ọgbà ẹ̀ ló pọ̀ jù."

"Tí ìwé inú gbogbo wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà, kí ló dé tí ìwo ò hù sí ẹsẹ̀ àgbò?"

"Wọn ò ṣí ojú ìwé ìwo lẹ́sẹ̀, mà."

Màmá yí sí Kíkẹ́. "Wọ́n ní pupa inú ẹyin, sẹ́ẹ̀lì kan ni. Kí ló dé tí ìyẹn tóbi tó bẹ́ẹ̀?"

Ó wà lẹ́nu Kíkẹ́ láti sọ pé ohun pupa ti wọ ọgbà. Ó gbé e mì. "Oúnjẹ ọmọ adìyẹ ló kún inú ẹ̀, mà. Ibi tó ń ṣiṣẹ́ gan-an ò ju àmì funfun kékeré kan lórí ẹ̀ lọ. Àká ló fẹ̀, mà. Onílé ò sanra."

Màmá gbé báàgì wọn kọ́ apá. "Mo wá gba kíláàsì yìí lọ́wọ́ ẹ ni," wọ́n ní. "Mi ò gbà á mọ́. Òbí tó bá tún wá sọ̀rọ̀ ẹ̀rín, èmi ni kí wọ́n ní kó wá bá. Kó o sì gbá gúgúrú yìí nílẹ̀ kí èèrà tó gbọ́." Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró. "Ọmọ tó so yẹn, ṣé ara rẹ̀ ti yá?"

"Ara mi ti yá, mà," ni Kọ́lá dáhùn kó tó ronú. Kíláàsì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín, Màmá sì sáré jáde kí wọ́n má baà rí eyín wọn.

Kíkẹ́ gbálẹ̀ tán, ó fa ojú ro, ó gbé e bẹ́ẹ̀ lọ sí yàrá àwọn olùkọ́. Fọlárìn dìde dúró.

"Ọjọ́ Ajé lo máa bẹ̀rẹ̀," ó sọ fún un pẹ̀lú ohùn wẹ́rẹ́. "Màmá ní kó o kọ́kọ́ la ọ̀pọ̀lọ́ fún wọn."

Fọlárìn jókòó sórí àga tí kò sí níbẹ̀. Ó ń bọ̀ nílẹ̀ nígbà tí ẹ̀rín já lẹ́nu Kíkẹ́, ó na ọwọ́ fún un, kò sì lè fà á dìde, torí òun náà ti ń jókòó sílẹ̀ lọ.